Kí Ìkòkò Tó Wọ Iná Ni À Á Wo Ibi Tó Sán

Ìlú Ìpetumodù, olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Àríwá Ifẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, jẹ́ ìlú tí a mọ̀ mọ́ iṣẹ́ ìkòkò mímọ. Àwọn obìnrin ìlú náà ni wọ́n di iṣẹ́ yìí mú láti ìran dé ìran. Ẹni tí ó bá sún mọ́ iṣẹ́ amọ̀ yóò mọ̀ pé àkókò kan wà láàrin ìgbà tí a mọ ìkòkò tán àti ìgbà tí a óò sun ún níná. Ní àkókò yìí, ìkòkò wà níbi tí ó ti ń gbẹ. A kì í fi amọ̀ tuntun lé e mọ́, a kì í sì í yí ìrísí rẹ̀ padà. Ohun tí ó kù ni kí a yẹ̀ ẹ́ wò: ṣé ó sán níbì kan? Ṣé ìdí rẹ̀ jókòó dáadáa? Èyí tí ó bá ní àbùkù, a lè fọ́ ọ, kí a rẹ ẹ́ sínú omi, kí ó tún di amọ̀. Ṣùgbọ́n bí iná bá ti kàn án, ó parí. Ìkòkò tí a sun pẹ̀lú sísán kò lè di amọ̀ mọ́. Àpáàdì ni ó kù tí yóò dà.

Àwọn tí ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà náà ní irú àkókò bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń pè é ní code freeze. Ìgbà tí wọ́n bá dé ibẹ̀, wọ́n á ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo ohun tuntun. Àtúnṣe àbùkù nìkan ni wọ́n ń gbà wọlé. Wọ́n á wá gbé ẹ̀dà ìdánwò ìkẹyìn jáde, èyí tí wọ́n ń pè ní release candidate, kí gbogbo ayé lè gbà á, kí wọ́n lò ó, kí wọ́n sì sọ ibi tí ó ti ń ṣe ségesège. Bí a kò bá rí àbùkù ńlá nínú rẹ̀, òun gan-an ni yóò di ojúlówó ẹ̀dà tí àwọn ilé-ìwé, ilé-ìwòsàn àti ilé-iṣẹ́ yóò máa lò fún ọdún púpọ̀.

Ìlú Ìpetumodù yìí kan náà ni Yunifásítì Odùduwà wà láti ọdún 2009. Ilé-Ifẹ̀, níbi tí Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ fìdí kalẹ̀ sí, kò sì jìnnà sí i. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀dọ́ ni ó ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní agbègbè náà. Àkókò tí ó wà láàrin mímọ àti sísun yìí ni ó yẹ kí àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí, àti àwọn olùkọ́ wọn, máa dá sí iṣẹ́ náà. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń lo ètò kọ̀ǹpútà ní ilẹ̀ Yorùbá kì í mọ̀ pé ẹ̀dà tuntun ń bọ̀ títí yóò fi jáde tán. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni ìráhùn ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí iná ti kan ìkòkò.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ ṣàlàyé irú ètò tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí. Ètò kọ̀ǹpútà tí kóòdù rẹ̀ ṣí sílẹ̀, tí wọ́n ń pè ní open source, ni èyí tí ẹnikẹ́ni lè ka ohun tí a kọ sínú rẹ̀, tí ó lè lò ó, tí ó lè tún un ṣe, tí ó sì lè pín in fún ẹlòmíràn láìtọrọ àṣẹ. Linux wà lára wọn, òun ni ó sì wà ní ìpìlẹ̀ gbogbo fóònù Android. LibreOffice tí a fi ń kọ̀wé wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ sì ni Firefox tí a fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì. Kò sí ọ̀gá kan ṣoṣo tí ó ni wọ́n. Nítorí náà, kò sí ẹni kan tí a lè sọ pé òun nìkan ni ìdánwò wọn jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn tí ń lò wọ́n ni wọ́n ń dán wọn wò.

Àwọn oníṣẹ́ yìí ní ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀lé. Nínú iṣẹ́ Linux, bí ẹ̀dà kan bá ti jáde, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni Linus Torvalds fi ń gba ohun tuntun wọlé fún ẹ̀dà tí ó kàn. Lẹ́yìn náà, ilẹ̀kùn ti. Ẹ̀dà ìdánwò àkọ́kọ́, rc1, yóò jáde, òmíràn yóò sì máa tẹ̀lé e lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí di rc7, nígbà mìíràn rc8. Ìdánwò gba ọ̀sẹ̀ tí ó ju ti gbígba ohun tuntun wọlé lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Ti Debian tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oṣù Kìíní ọdún 2023 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilẹ̀kùn díẹ̀díẹ̀ mọ́ ohun tuntun nínú Debian 12. Ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà ni ó tó jáde. Nǹkan bí oṣù márùn-ún ni wọ́n fi wo ibi tí ìkòkò ti sán.

Àwọn kan máa ń rò pé àkókò yìí jẹ́ àkókò ìsinmi, pé ohun gbogbo ti parí. Àwọn mìíràn sì máa ń sáré mú ẹ̀bẹ̀ wá ní àkókò náà gan-an, pé kí wọ́n fi èyí kún un, kí wọ́n fi tọ̀hún sí i. Àwọn méjèèjì ni ó ṣì í ṣe. Ẹni tí ó bá fi ohun tuntun kún ètò kọ̀ǹpútà ní ọ̀sẹ̀ tí ó fẹ́ jáde ń mú àbùkù tuntun wọlé nígbà tí kò sí àyè mọ́ láti rí i. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹ̀tẹ̀ àkókò náà ni àbùkù tí ó lè ba iṣẹ́ àwọn ènìyàn jẹ́, pàápàá jù lọ èyí tí kò sí nínú ẹ̀dà àtijọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yọjú nínú tuntun. Ohun tí ó bá wu ènìyàn kí ó wà nínú ètò náà lè dúró de ẹ̀dà tí ó ń bọ̀.

Ìtàn méjì ni ó fi ìyàtọ̀ hàn láàrin àbùkù tí a rí kí iná tó kàn án àti èyí tí a rí lẹ́yìn iná. Oṣù Kẹta ọdún 2012 ni OpenSSL, ètò tí ọ̀pọ̀ ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì fi ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ àṣírí, gbé ẹ̀dà 1.0.1 rẹ̀ jáde. Àbùkù kan wà nínú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò kíyè sí. Àbùkù náà ń jẹ́ kí àjèjì lè fa ohun tí ó wà nínú iyè kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn jáde, títí kan ọ̀rọ̀ ìwọlé àti kọ́kọ́rọ́ àṣírí. Oṣù Kẹrin ọdún 2014 ni ayé tó gbọ́ nípa rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ ní Heartbleed. Fún ọdún méjì gbáko ni ilẹ̀kùn fi ṣí sílẹ̀ láìjẹ́ pé onílé mọ̀. Ìgbà tí wọ́n sì mọ̀, kì í ṣe àtúnṣe OpenSSL nìkan ni iṣẹ́ tí ó wà nílẹ̀. Àwọn onílé káàkiri ayé ní láti pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìtàn kejì ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2024. Ètò kékeré kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ xz, tí a fi ń fún fáìlì pọ̀ kí ó má baà gba àyè. Ẹnìkan tí ó ń pe ara rẹ̀ ní Jia Tan ti wọ inú iṣẹ́ náà fún ohun tí ó ju ọdún méjì lọ, ó ń ṣe dáadáa, ó sì di ẹni tí a fọkàn tán. Nígbà tí ó yá, ó fi ohun búburú pamọ́ sínú ẹ̀dà 5.6.0 àti 5.6.1, kí ó lè máa gba ẹ̀yìn wọ inú kọ̀ǹpútà onílé. Àwọn ẹ̀dà náà ti dé inú Debian tí wọ́n ń dán wò, ṣùgbọ́n wọn kò tíì dé inú Debian tí gbogbo ayé ń lò. Andres Freund, ọ̀kan nínú àwọn tí ń ṣiṣẹ́ lórí PostgreSQL, ni ó ṣàkíyèsí pé wíwọlé sórí ẹ̀rọ rẹ̀ tí ó fi ń dán nǹkan wò ti ń pẹ́ ju bí ó ti yẹ lọ. Bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá ni ó fi pẹ́. Ẹlòmíràn ì bá ti gbójú fò ó. Ó tọ pinpin rẹ̀, ó sì ké gbàjarè sí gbogbo ayé ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta. Àwọn tí ń ṣe Ubuntu 24.04 sún ẹ̀dà ìdánwò tiwọn síwájú ní ọ̀sẹ̀ kan, láti ọjọ́ 4 sí ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin, kí wọ́n lè tún gbogbo rẹ̀ kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Ohun tí ó ya ìtàn kejì sọ́tọ̀ sí ti àkọ́kọ́ ni pé ẹnìkan ń lo ẹ̀dà tí kò tíì jáde, ó sì kíyè sí ohun tí ó yí padà. Bí ó bá ṣe pé ojúlówó ẹ̀dà ni gbogbo ayé jọ ń dúró dè, ohun búburú náà ì bá ti dé orí àìmọye kọ̀ǹpútà kí ẹnikẹ́ni tó fura.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni èyí kan ará Ìpetumodù tàbí ará Ifẹ̀, nígbà tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n Amẹ́ríkà àti Jámánì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń ṣọ́ ọ. Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú èdè Yorùbá fúnra rẹ̀. Nínú Unicode, tí í ṣe ìlànà tí àwọn kọ̀ǹpútà àgbáyé fi ń tọ́jú lẹ́tà, ẹ, ọ àti ṣ ní àyè tiwọn gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kan ṣoṣo. Á àti à náà ní tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹ́, ẹ̀, ọ́ àti ọ̀ kò ní. A ní láti gbé àmì ohùn lé lẹ́tà lórí gẹ́gẹ́ bí ohun ọ̀tọ̀, kí ètò kọ̀ǹpútà sì so wọ́n pọ̀ nígbà tí ó bá ń fi wọ́n hàn. Bí ìsopọ̀ yìí bá bàjẹ́ nínú ẹ̀dà tuntun kan, àmì ohùn lè sún sí ẹ̀gbẹ́, ó lè gun orí lẹ́tà mìíràn, ó sì lè di àpótí òfìfo. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ yóò wá dàpọ̀ mọ́ ara wọn, bẹ́ẹ̀ ohun mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Ta ni yóò rí àbùkù yìí? Olùdánwò tí ó wà ní ìlú Berlin kò ní tẹ ọ̀ rí ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Bí ó tilẹ̀ rí i tí àmì náà sún sí ẹ̀gbẹ́, kò ní mọ̀ pé kò yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ títo orúkọ ní ìtẹ̀léra náà kò yàtọ̀. Nínú álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá, gb jẹ́ lẹ́tà kan, ó sì tẹ̀lé g; gbogbo orúkọ tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Gb gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn gbogbo èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú G. Ẹ ń tẹ̀lé e, ọ ń tẹ̀lé o, ṣ sì ń tẹ̀lé s. Àwọn òfin wọ̀nyí wà lákọsílẹ̀ nínú CLDR, ibi ìkójọ tí Unicode ń tọ́jú orúkọ ọjọ́, orúkọ oṣù àti ìlànà ìkọ̀wé èdè káàkiri ayé sí, tí Android àti ọ̀pọ̀ ètò mìíràn ń mú lò. Yorùbá Nàìjíríà wà níbẹ̀, Yorùbá Benin tí ń fi ɛ àti ɔ kọ̀wé náà sì wà níbẹ̀ lọ́tọ̀. CLDR pẹ̀lú ní ìgbà tí ó ń gba ọ̀rọ̀ wọlé, ó sì ní ìgbà tí ó ń ti ilẹ̀kùn, tí yóò gbé ẹ̀dà ìdánwò jáde. Ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá nìkan ni ó lè sọ pé ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ kò bá ẹnu mu.

Ọ̀rọ̀ náà kò mọ sí orí ìwé kíkọ. Lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn Ebola ọdún 2014, àwọn onímọ̀ Nàìjíríà àti Jámánì jọ ṣe ètò kan tí ń jẹ́ SORMAS fún ṣíṣọ́ àjàkálẹ̀ àrùn. Kóòdù rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. DHIS2, tí Yunifásítì Oslo ń darí, wà lára ohun tí Nàìjíríà fi ń kó àkọsílẹ̀ ètò ìlera jọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí ń lo irú ètò báyìí ń lò ó níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti ń lọ tí ó ń bọ̀, lórí fóònù tí kò gbówó lórí. Ẹ̀dà tuntun lè ṣiṣẹ́ dáadáa ní yàrá oníná ọba ní Oslo, kí ó sì daṣẹ́ sílẹ̀ ní ìgbèríko. Níbi tí a ó ti lò ó ni ó yẹ kí a ti dán an wò kí ó tó jáde.

Àwọn àtakò kan wà tí kò ṣe é fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Àkọ́kọ́ ni owó dátà àti àìsí iná mànàmáná. Òótọ́ ni pé ẹ̀dà ìdánwò Debian tàbí ti Ubuntu lè gba dátà púpọ̀, kò sì yẹ kí a di ẹrù yìí ru akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń ṣọ́ owó oúnjẹ ná. Ṣùgbọ́n ètò tí kóòdù rẹ̀ ṣí sílẹ̀ kò kọ̀ kí a pín in. Ẹnìkan ṣoṣo lè gbà á sílẹ̀ ní ilé-ìkàwé yunifásítì, kí ogún ènìyàn sì dà á kọ láti orí flash drive kan. Èyí kò lòdì sí òfin kankan. Ohun tí a ṣe ìwé-àṣẹ rẹ̀ fún gan-an nìyẹn.

Àtakò kejì wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àwọn kan ní ìlò ẹrú ni, pé àwọn ilé-iṣẹ́ olówó ńlá ń lo Linux láti pawó, kí ni ó dé tí ọmọ Nàìjíríà yóò máa bá wọn dán an wò lọ́fẹ̀ẹ́? Ìbéèrè tó tọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá dán an wò kò fi ìyà jẹ ilé-iṣẹ́ olówó. Ara rẹ̀ ni ó fi ìyà jẹ. Ilé-iṣẹ́ ńlá ní òṣìṣẹ́ tí yóò ṣọ́ ohun tí ó kàn án. Èdè Yorùbá kò ní irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Àwọn tí ó yẹ kí ó sanwó ni àwọn yunifásítì àti ìjọba tí wọ́n ń lo ètò wọ̀nyí láìsan kọ́bọ̀ fún ìwé-àṣẹ. Owó tí wọn kò san yìí, kí wọ́n fi díẹ̀ nínú rẹ̀ ra dátà àti epo jẹnẹrétọ̀ fún àwọn olùdánwò. Ìyẹn kò pọ̀ jù.

Àtakò kẹta ni ti àwọn tí wọ́n ní àwọn kò mọ kóòdù kọ. Iṣẹ́ yìí kò béèrè kóòdù kíkọ. Ó béèrè sùúrù àti òótọ́. Olùdánwò kò gbọ́dọ̀ fi ẹ̀dà tí kò tíì jáde sórí kọ̀ǹpútà tí ìwé àṣekágbá rẹ̀ wà. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí kò sí ohun pàtàkì lórí rẹ̀ ni kí ó lò. Bí ó bá rí àbùkù, kí ó wò ó bóyá ẹ̀dà àtijọ́ náà ní i, nítorí àbùkù tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni a ń kọ́kọ́ dá lóhùn ní àkókò yìí. Kí ó wò ó bóyá ẹlòmíràn ti fi tó wọn létí. Lẹ́yìn náà, kí ó kọ nọ́ńbà ẹ̀dà tí ó lò, ohun tí ó ṣe ní ìtẹ̀léra, ohun tí ó retí, àti ohun tí ó rí. Ẹni tí ó kọ̀wé pé “kò ṣiṣẹ́” lásán kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹni tí ó kọ̀wé pé “mo tẹ ọ, mo tẹ àmì òkè lé e, àmì náà bọ́ sórí lẹ́tà tí ó tẹ̀lé e, bẹ́ẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀dà tí ó ṣáájú” ti ṣe ìdajì iṣẹ́ àtúnṣe náà.

Ohun tí ó kù ni pé kí àwọn tí ó ní àṣẹ fi í ṣe iṣẹ́ tí a mọ̀ sí iṣẹ́. Àwọn ẹ̀ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Ifẹ̀ àti ní Ìpetumodù lè fi ìdánwò ẹ̀dà tí ó fẹ́ jáde kún ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gba máàkì lé lórí. LibreOffice ń jáde lẹ́ẹ̀méjì lọ́dún, ọjọ́ tí wọn yóò ti ilẹ̀kùn sì máa ń wà lákọsílẹ̀ ṣáájú. Olùkọ́ lè fi í sínú ètò sáà ẹ̀kọ́. Kí akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà jókòó ti akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ èdè Yorùbá, nítorí ọ̀kan mọ ibi tí àbùkù wà nínú ẹ̀rọ, èkejì sì mọ ibi tí ó wà nínú èdè. Àjèjé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Ìròyìn àbùkù tí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ yóò wà ní gbangba pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ lára rẹ̀, agbanisíṣẹ́ ní ibikíbi sì lè kà á. Ìwé-ẹ̀rí díẹ̀ ni ó lè jẹ́rìí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ohun kan wà tí kò yẹ kí a fi tan ara ẹni jẹ. Ìdánwò ní ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn kò lè tún gbogbo nǹkan ṣe. Àbùkù tí ó ti wà nínú ètò kan láti ọdún márùn-ún sẹ́yìn, wọn kò ní dá ìjáde ẹ̀dà tuntun dúró nítorí rẹ̀. Àkókò tí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ ni kí a ti gbé irú rẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti mọ ọ̀nà ibẹ̀ ní àkókò ìdánwò ni yóò mọ ìgbà tí ilẹ̀kùn yóò tún ṣí.

Ìgbà ara là á búra, a kì í bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn. Ìráhùn lẹ́yìn tí ẹ̀dà tuntun bá ti jáde kò ṣọ̀wọ́n, kò sì níye lórí. Ìwé kúkúrú kan tí ó tọ́, tí ó dé ní ọ̀sẹ̀ kẹta ṣáájú ìjáde, ni ó lè mú kí orúkọ ọmọ Yorùbá jáde pẹ̀lú àmì ohùn tí ó pé lórí ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni bá rà ní ọdún tí ń bọ̀.